Òkúta Tó Jáde Lára Akíndúró

Ẹni tó bá ní Fadékẹ́mi ló ju òkúta sínú ọkọ rẹ̀, kí ó wá sọ ọ́ lójú mi. Kí ó má sọ ọ́ lẹ́yìn mi, kí ó má sì máa fojú sọ ọ́ tí mo bá ń kọjá l'Agbowó. Èmi Àbẹ̀ḿbí aránṣọ wà nínú ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ṣọ́ọ̀bù mi ló wà níwájú, yàrá tọkọtaya náà ló wà lẹ́yìn ògiri mi gan-an. Ohun tí mi ò bá fojú ara mi rí, ìyàwó àti ìyá ọkọ, àwọn méjèèjì ló jókòó lórí àga oníbàárà mi tí wọ́n sunkún sọ ọ́ fún mi, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ràn ọkùnrin yìí dénú.

Ìgbà tí àwọn sọ́jà ń fi kóbókò kọ́ wa láti tò sórí ìlà ni. Akíndúró, ọmọ Oǹdó, ń wa Peugeot 504 láti Challenge sí Èkó. Ọkùnrin gìrìwò ni, ẹlẹ́rìn-ín, tí kì í fẹ́ mu omi tó bá fẹ́ wakọ̀, nítorí pé ó kórìíra kí ó máa dúró tọ̀ lójú ọ̀nà. Fadékẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn, ń tẹ taipu ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Wọn ò tíì bímọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá kí wọn láti Oǹdó, ó sì pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Màmá Olúdọ̀tun là ń pè é. Olúdọ̀tun ni àkọ́bí rẹ̀. Inú rírun ló pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Akíndúró nìkan ló ṣẹ́ kù fún màmá náà láyé.

Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, àmù ńlá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ là sí méjì. Kò sẹ́ni tó fara kàn án. Mo gbọ́ "gbàà!", mo sáré jáde, mo rí omi tó ń ṣàn lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo sì rí Màmá tó dúró tì í, tó ń wo omi náà.

"Aránṣọ, ta ló wà níbí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Àmù yẹn ti gbó ni."

"Gbígbó wo nìyẹn? Lọ́sàn-án gangan?" Ó káwọ́ lérí. "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ tèmi o."

Omi náà ò tíì gbẹ nílẹ̀ tí 504 Akíndúró fi dé. Tàjúdéènì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wakọ̀ ní Challenge, ló wà á wálé. Akíndúró alára wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ká jọ, òógùn bò ó, ó di ẹ̀gbẹ́ òsì mú, ó ń ké bí ọmọdé. Háà! Akíndúró! Ó ní nǹkan kan ń gún òun láti ẹ̀yìn wá sí abẹ́ inú, pé òun fẹ́ tọ̀, ìtọ̀ ò wá. Nígbà tó sì wá, ẹ̀jẹ̀ ló dà.

Màmá ò sunkún. Ó kàn ń wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ níbi tó ti ń yí.

"Ọwọ́ tó mú Olúdọ̀tun ló tún dé yìí," ló wí.

*

Fadékẹ́mi gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ring Road. Dókítà Adésànyà ló tọ́jú wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gún Akíndúró lábẹ́rẹ́, ìrora náà rọlẹ̀. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, dókítà gbé e síwájú iná, ó fi bírò tọ́ka sí nǹkan funfun bíńtín kan.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, Fadékẹ́mi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó gbì.

"Àǹtí Àbẹ̀ḿbí, òkúta ni! Òkúta, nínú ènìyàn! Dókítà ní ohun tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde ló dì nínú kíndìnrín ọkọ mi, nítorí pé wọn ò mu omi tó. Ó ti já bọ́ sí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀, ó há síbẹ̀."

"Yéè! Ṣé wọ́n á la inú rẹ̀ ni?"

"Ó ní kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Òkúta náà ò tóbi. Ó fún wọn ní oògùn oníhóró tó máa dẹ ọ̀nà náà, àti òmíràn tó máa pa ìrora. Ó ní kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n mu ún gidi, títí ìtọ̀ wọn á fi mọ́ bí omi. Tí ọ̀nà bá dẹ̀, tí omi sì ń tì í, ó ní ó máa bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Àmọ́ tó bá pẹ́ jù níbẹ̀, kíndìnrín náà lè bàjẹ́. Tí ara wọn bá wá ń gbóná, Àǹtí, ó lè gbà wọ́n lọ."

Ó kù nǹkan kan tí dókítà sọ. Gbogbo ìtọ̀ tí Akíndúró bá tọ̀, kí wọ́n máa fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, kí wọ́n lè mọ̀ tí òkúta náà bá jáde, kí wọ́n sì mú un wá kí òun yẹ irú èyí tó jẹ́ wò. Ìyẹn ló gbé Fadékẹ́mi wá sọ́dọ̀ mi. Mo wá nínú àwọn ègé aṣọ mi, mo rí èyí tó ṣẹ́ kù níbi ìbòrí ìyàwó kan tí mo rán, funfun, tó fẹ́lẹ́. Mo gé e fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Màmá gbọ́ o," ló wí.

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀ẹ́n, ṣé kí n wá máa gbé póò ọmọ wọn kọjá níwájú wọn ni? Kí n máa sẹ́ ìtọ̀ ọkọ mi lójú ìyá ọkọ mi? Ojú á tì mí pa!"

Kí ni kí n sọ? Òótọ́ ló sọ. Ìyàwó ilé wo nínú wa ló máa ṣe é lójú ìyá ọkọ rẹ̀? Ó ń dúró kí Màmá wọ ilé ìwẹ̀, tàbí kí ó máa gbàdúrà àárọ̀, á wá fi ìró bo póò náà, á yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé. Tó bá sẹ́ ẹ tán, á da ìtọ̀ nù, á fọ aṣọ náà, á sá a síbi tójú ò ti ní tó o. Ìtìjú ló fà á o. Ìtìjú lásán, tí wọ́n fi kọ́ wa láti kékeré.

*

Akíndúró náà ò sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ̀. Ó ní, "Tí ìyá mi bá gbọ́ òkúta, kò ní lè sùn mọ́." Àbí ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin náà ò kúkú sùn tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá dijú, Olúdọ̀tun ló ń rí, tó dúró sínú odò tó ti gbẹ, tó ń ṣa òkúta odò sẹ́nu. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ òkúta fún un nígbà náà. Mo fi Ọlọ́run búra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ kí ọmọ ìlú òun kan ní Sábó. Mọ́kọ́lá ló lọ. Lẹ́yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì kan níbẹ̀, níbi tí òórùn ọ́ìlì ọkọ̀ ti ń bá òórùn ewé jíjó dà pọ̀, oníṣègùn kan wà tó ń jẹ́ Gbádégẹṣin. Yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé. Dígí ló fi ń wò fún ènìyàn, aṣọ pupa ló sì ń fi bo dígí náà. Òun nìkan ló ń wo inú rẹ̀. Màmá ní ọkùnrin náà kò dàgbà rárá, pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ọwọ́ obìnrin, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn kó tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ló gbé yín wá," ó wí, kí Màmá tó lanu. "Ẹ̀gbẹ́ òsì."

Màmá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Gbádégẹṣin ká aṣọ pupa náà sókè díẹ̀, ó wo inú dígí, ó sì yára bò ó padà. "Màmá, wọ́n ti ti ọmọ yín pa. Ẹnì kan ń gba omi ara rẹ̀ pamọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹní ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú àgádágodo. Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ náà bá yí tán, ó parí nìyẹn."

"Ta ni, Bàbá? Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi!"

"Mi ò ní dárúkọ. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ máa ṣọ́ ìtọ̀ ọmọ yín."

Ṣé ó rí i ni, àbí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò bá rí ìtọ̀ tọ̀ nìyẹn? Èmi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí Màmá sọ ọ́ fún mi, orí mi wú.

*

Sátidé ìmọ́tótó ló tẹ̀ lé e, ọjọ́ tí ìjọba fòfin de ìrìn, tí gbogbo wa ń gbálẹ̀, tí à ń kó gọ́tà. Màmá mú ìgbálẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀. Fadékẹ́mi rò pé iwájú ilé ni Màmá wà.

Màmá rí i nígbà tó yọ. Ó rí i tó wo ọ̀tún, tó wo òsì. Ó rí i tó yọ póò lábẹ́ ìró, tó tẹ́ aṣọ funfun sórí abọ́, tó da ìtọ̀ sí i. Ó rí i tó gbé aṣọ náà sókè sínú oòrùn, tó ń wá nǹkan nínú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì. Ọlọ́run ni Fadékẹ́mi ń bẹ̀, ó sọ fún mi: "Olúwa, jẹ́ kó jáde lónìí." Màmá tó wà lẹ́yìn ògiri kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ètè tó ń mì nìkan ló rí, àti ìtọ̀ ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ti àlá, ti Mọ́kọ́lá, ti dígí.

"Mo ti rí i, aránṣọ. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i. Ìyàwó tí mo fi ẹnu ara mi gbàdúrà fún!"

Mi ò fi pamọ́ fún un. "Màmá, ẹ jókòó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dókítà ló ní kó máa sẹ́ ẹ. Ojú yín ló ń tì í."

"Dókítà wo?" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Tí wọ́n bá fẹ́ wo ìtọ̀ ní ọsibítù, ṣebí inú ìgò ni wọ́n ń gbà á? Dókítà wo ló ń ní kí ìyàwó máa fi aṣọ sẹ́ ìtọ̀ ọkọ ní kọ̀rọ̀? Ìwọ náà, ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

"Èmi ni mo gé aṣọ náà fún un, Màmá."

Kàì! Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rí i pé ojú tó fi ń wò mí ti yí padà. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó wo ẹ̀rọ mi, ó wo àwọn ègé aṣọ tó wà nílẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kí i, ògiri ni mò ń kí.

Akíndúró gan-an ló bà á jẹ́ tán. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kò ó lójú lórí ọ̀rọ̀ ìtọ̀, ó gbèjà ìyàwó rẹ̀, mo gbọ́ ọ láti inú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Màmá, ẹ fi Fadékẹ́mi sílẹ̀. Òkúta ni wọ́n rí nínú mi. Ó fẹ́ mọ̀ tó bá jáde ni."



"Òkúta?" Màmá wí. "Akíndúró, ta ló fi òkúta sínú rẹ?"

*

Gbádégẹṣin wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Fadékẹ́mi wà níbi iṣẹ́. Mo rí i tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, nínú ṣòkòtò tẹ́ríkọ́tà tí a lọ̀ dáadáa, báàgì aláwọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni. Kò kí mi. Àwọn adìyẹ Ìyá Onílé tó ń jẹ nílẹ̀ dìde, wọ́n sá lọ sábẹ́ ọkọ̀, wọn ò sì jáde títí tó fi lọ.

Màmá ti wá inú àpótí Fadékẹ́mi. Ó ti rí àgádágodo kan níbẹ̀, ògbólógbòó, tó ti dípẹtà, tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ti dúrọ́ọ̀ tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀ ni, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Gbádégẹṣin gbà á, ó gbé e sétí, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Lẹ́yìn náà ó lóṣòó, ó gbẹ́ ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, ó ri nǹkan mọ́ ibẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pa. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó dìde, nítorí pé ìgbà yẹn nìkan ló gbóhùn sókè.

"Ọwọ́ tó ń gbé omi fún un, ọwọ́ náà á kú. Kó má mu omi láti ọwọ́ obìnrin yẹn mọ́. Kó má tiẹ̀ mu omi kankan nínú ilé yìí títí màá fi ṣí àgádágodo yìí."

Bó ṣe gbé àgádágodo náà lọ tán, Màmá da gbogbo omi ilé nù. Ó da ti kẹ́ẹ̀gì, ó da ti garawa, ó dojú ìkòkò délẹ̀. Oògùn dókítà tó wà lórí tábìlì, ó jù ú sínú ṣáláńgá. Akíndúró dùbúlẹ̀, ó ń wò ó. Ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún ìyá tó ti sìnkú èkejì, báwo ló ṣe fẹ́ jà? Ó gbà fún un.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ náà, Fadékẹ́mi jí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò gbé nǹkan mọ́.

*

Ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́. Aránṣọ ni mí. Ó ní ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka, ó ń rìn ún wìnnìwìnnì, ó wá kú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Kò lè tẹ taipu. Ó jókòó sórí àga mi, ó gbé ọwọ́ náà lé itan bí ẹní gbé ọmọ ọlọ́mọ.

"Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí," ó wí. "Mo rí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni wọ́n fẹ́ pa."

"Lọ sílé bàbá rẹ fún ọjọ́ díẹ̀, jọ̀ọ́. Gba ara rẹ là."

"Tí mo bá lọ, ta ni yóò fún wọn lóògùn? Ara wọn ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Mo padà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní tí kò bá jáde lọ́sẹ̀ yìí, àfi kí wọ́n là wọ́n. Ó fún mi ní oògùn míì." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá lò ó níbí. Màmá ò lè da omi yín nù."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Akíndúró á ní òun fẹ́ ran ṣòkòtò, á wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, á jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò. Fadékẹ́mi á fún un lóògùn, á fún un lómi, ife lé ife, títí inú rẹ̀ á fi kún. Ọwọ́ òsì ló fi ń fún un, torí òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo rí bí Akíndúró ṣe ń wo ọwọ́ òsì náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a kì í fọwọ́ òsì fún ọkọ ní nǹkan. Ó ń gbà á, ó ń mu ún, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ kan ó bi í pé, "Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ gan-an?" Fadékẹ́mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ láìdáa. Ó ní òun sùn lé e ni.

Ìrora náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́, ó ti dé abẹ́ ìdodo. Dókítà ní àmì rere nìyẹn, ó ń bọ̀. Fadékẹ́mi fò mọ́ mi nínú ṣọ́ọ̀bù.

*

Lọ́jọ́ tí òkúta náà jáde, Màmá ti kúrò nílé láàárọ̀, kò sọ ibi tó ń lọ. Akíndúró ti mu omi nínú ṣọ́ọ̀bù mi títí, ó padà sí yàrá wọn. Nǹkan bí ọ̀sán gangan, mo gbọ́ tó kígbe lẹ́ẹ̀kan, igbe tó mú kí abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Mo ní, ó ti kú.

Ẹ̀rín Fadékẹ́mi ni mo gbọ́.

Mo sáré wọlé. Ó kúnlẹ̀ nídìí póò, aṣọ funfun náà wà lórí àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ó ti jáde! Bọ̀ọ̀dá mi, ó ti jáde! Ẹ wá wò ó, Àǹtí!" Mo wò ó. Òkúta bíńtín, kò tó hóró àgbàdo, ó dúdú díẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gún. Ohun kékeré tó fi ọkùnrin gìrìwò yí nílẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́wọ́ sókè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Akíndúró jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, òógùn ń gbẹ lára rẹ̀. Ìrora ti lọ pátápátá, ó hàn lójú rẹ̀. Ó na ọrùn, ó wo òkúta náà. Ó wò ó pẹ́. Títí di ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu dókítà ni òkúta lójú rẹ̀, àmì funfun nínú àwòrán. Òkúta tòótọ́ rèé, irú èyí tó wà lójú títì, ó wà lọ́wọ́ òsì ìyàwó rẹ̀.

"Fadékẹ́mi," ó wí jẹ́jẹ́, "níbo lo ti mú èyí?"

Fadékẹ́mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ń ṣeré ni. "Níbo kẹ̀? Lára yín ni!"

"Nǹkan báyìí ò lè hù lára ènìyàn."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣebí dókítà fi hàn wá..."

"Ìwọ lo mọ ibi tó wà. Ìwọ lo mọ ọ̀nà tó máa gbà. Ìwọ lò ń wá a lójoojúmọ́." Ó fi ìka tọ́ka sí òkúta náà. "Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Akíndúró!" mo pariwo. "Ṣé orí ẹ pé? Obìnrin tó fún ọ lómi nígbà tí àwọn yòókù ń dà á nù!"

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ jáde fún mi." Kò wo ojú mi. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù ìyàwó rẹ̀. Mo rí i bó ṣe fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, nígbà tí Fadékẹ́mi fẹ́ dìde lọ bá a.

Ibẹ̀ la wà tí Màmá fi wọlé pẹ̀lú orin ọpẹ́ lẹ́nu. Mọ́kọ́lá ló ti ń bọ̀. Ó ń pariwo rẹ̀ láti ẹnu géètì kí gbogbo ilé gbọ́, pé ní ọ̀sán gangan, lójú òun, Gbádégẹṣin yí nǹkan sínú àgádágodo náà, ó sì là gbàà, omi ìpẹtà ṣàn jáde níbẹ̀. Nígbà tó rí òkúta náà, orin náà dá lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣubú lé ọmọ rẹ̀ lọ́rùn, ó sì bú sẹ́kún.

Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Ṣùgbọ́n oògùn tí Akíndúró gbé mì, mo mọ̀ ọ́n. Omi tó mu, inú àmù mi ló ti wá.

Fadékẹ́mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó di òkúta náà sínú aṣọ funfun náà, ó kó aṣọ rẹ̀ díẹ̀ sínú báàgì. Ó kúnlẹ̀ fún Màmá, ó ní, "Ó dàbọ̀, mà." Màmá kọjú sógiri.

*

Dókítà Adésànyà yọ̀ nígbà tó rí òkúta náà. Mo bá Fadékẹ́mi lọ. Ó yìn ín, ó ní ó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ẹ kìlọ̀ fún ọ̀gá o. Ẹni tí èyí bá ti ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó lè tún ṣe é. Kí ó máa mu omi dáadáa lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Tí òmíràn bá há sọ́nà tí kò tètè wá, ọ̀rọ̀ náà lè má yọrí sí rere báyìí."

"Mo gbọ́ sà," Fadékẹ́mi dáhùn.

Akíndúró àti ìyá rẹ̀ ti kó kúrò l'Agbowó nígbà náà, wọn ò sọ ibi tí wọ́n kó lọ fún ẹnikẹ́ni. Gbádégẹṣin ló ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Nítorí náà Challenge la gbà lọ. Tàjúdéènì ló wà níbẹ̀, ó fara ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń pe èrò Èkó. Nígbà tó rí wa, ó dákẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá Tàjúdéènì," Fadékẹ́mi wí, "ẹ bá mi jíṣẹ́ fún wọn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa mu omi. Ẹ ní dókítà ló wí."

Tàjúdéènì gbọ́wọ́ méjèèjì sókè. "Ìyàwó, ẹ má bínú. Mi ò lè ru ọ̀rọ̀ omi láti ẹnu yín lọ bá a."

"Kì í ṣe oògùn! Omi lásán ni, omi ẹ̀rọ, èyí tí gbogbo ayé ń mu!"

"Wọ́n ní omi lẹ fi mú un." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ojú ń tì. "Kò tiẹ̀ fẹ́ mu omi rárá mọ́ tó bá wà lọ́nà. Bàbá oníṣègùn ní kó má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ibí dé Èkó."

"Èmi ni màá sọ fún un," mo wí.

"Ẹ̀yin, Àǹtí? Ẹ̀yin tí ẹ gé aṣọ?"

Bí a ṣe dúró síbẹ̀ ni 504 Akíndúró wọ gáréèjì wá láti Èkó. Ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ó dán, ó ń bá àwọn èrò rẹ̀ ṣàwàdà, inú mi sì dùn láìfẹ́. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó ti bó. Fadékẹ́mi rí ètè náà kí ó tó rí nǹkan míì. Kí n tó dì í mú, ó ti já síwájú, ó ti pariwo láàárín gbogbo èrò:

"Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ máa mu omi o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mu omi!"

Gbogbo gáréèjì yíjú síbẹ̀. Akíndúró rí i. Ó yára yí gíláàsì ọkọ̀ sókè títí ó fi pa pátápátá, ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi yí orí ara rẹ̀ ká, ó sì ta á nù sẹ́yìn, bí a ti ń ṣe nígbà tí ẹni ibi bá gbé wa ṣépè.